Àfàrà Tó O Fẹ́ Gùn Yẹn

Ilé wa lẹ́yìn ilé-ìwé,
Arámọ̀kọ-Èkìtì.
Ọjọ́rú, ní ìyálẹ̀ta.

Bọ́sẹ̀dé, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Dírẹ́bà yín fún mi ní lẹ́tà rẹ lánàá. Mo kà á ní ìjókòó, mo kà á ní ìdúró, mo tún gbé e wọ yàrá lọ kà, nítorí Ìyá Ràṣí aládùúgbò wa ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ti rí i pé ojú mi yí padà. Ara mi le. Ẹ̀jẹ̀ mi tó ń ru ti rọlẹ̀, ó kéré tán kí lẹ́tà rẹ tó dé. Adìẹ rẹ tó ń sàba ti pa ọmọ, àṣá sì ti gbé ọ̀kan níbẹ̀. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nínú mi.

Ẹ̀rù ń bà mí.

O mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ní àdúgbò yìí, bí òjò bá ṣú, wọ́n á ní kí ọmọdé kan sáré lọ wo Tíṣà, bóyá ó ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò bá wọn jiyàn. Ojo ni mí, èmi àti ojo náà la jọ dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àrá yàtọ̀, èyí yàtọ̀.

O kọ ọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí àwọn tí yóò wá ìyá igi nínú igbó ìjọba lẹ́yìn Èríò, àwọn àfàrà tí ẹ máa mú irúgbìn wọn gbin oko igi tuntun, kí àwọn ọmọ wọn lè tọ́, kí wọ́n sì tètè dàgbà. Inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀ lójú ibi tí mo wà. Ọmọ mi obìnrin, ọ̀gá láàárín àwọn onígbó! Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú ìwé kejì. Bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ ra iyọ̀ lo ṣe kọ ọ́ pé àwọn agungi méjì tí ẹ gbà wo igi tó dára jù nínú wọn, wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sílé. O ní ọ̀gá yín l'Ákùúrẹ́ sọ pé bí irúgbìn ò bá tíì wálẹ̀ kí ọyẹ́ tó gbé e lọ, kí ẹ lọ ká ti àwọn igi ẹ̀bá títì bí ẹ ṣe máa ń ṣe. O ní nítorí náà o ti yá irin ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gungi àti okùn, o ti fi igi máńgòrò ẹ̀yìn ọ́fíìsì kọ́ ọ, àti pé ní Sátidé yìí ìwọ fúnra rẹ ni wàá gùn ún. O tún wá fi í kún un pé, "Ó kù díẹ̀ kí n mọ̀ ọ́n dáadáa, Màmá."

Ó kù díẹ̀. Mo máa padà sórí gbólóhùn yẹn.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kó sínú ìwé kan ṣoṣo, nítorí mi ò ní lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Jọ̀ọ́, má fò ó kà. Mo mọ̀ ọ́, ibi tí ìyá ẹni bá ti ń pòwe lo máa ń fò.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni ti igi ẹ̀bá títì. Lórí èyí, ìwọ lo tọ̀nà, ọ̀gá yín ló ṣìnà. Ojú mi ló ṣe. Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa sọ̀rọ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bàbá rẹ ló ń bójú tó igbó yẹn kan náà. Wọ́n ní kí wọ́n ká irúgbìn àfàrà wá, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ká a. Níbo ni wọ́n ti ká a? Lára igi kúkúrú tó la ẹ̀ka sílẹ̀, tí ọmọ ìrákòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gùn. Irú igi bẹ́ẹ̀ a sì máa so jìgbìnnì. Ta ni yóò fi èyí tí ọwọ́ tó sílẹ̀ kó máa wá èyí tó wà nínú sánmà? Apẹ̀rẹ̀ ń kún, àwọn ọ̀gá ń yìn wọ́n, wọ́n sì gbìn ín sí ẹ̀yìn Ìdó-Ilé.

Àwọn igi náà dàgbà, wọ́n jọ ìyá wọn. Èyí pín sí méjì lókè orúnkún, èyí wọ́ bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá, èyí fi gbogbo agbára rẹ̀ yọ ẹ̀ka dípò kó ga. Àwọn obìnrin tó ń ṣẹ́gi nìkan ni inú wọn dùn. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní igbó ìdáná. Bí bàbá rẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí onígbèsè tó rí olówó rẹ̀. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán apá kì í ká a. Ti àwọn àfàrà yẹn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó kéré rárá ni wọ́n ti bàjẹ́, láti inú apẹ̀rẹ̀ ni.

Má rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ṣe é rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ di tíṣà, Ìlóro ni wọ́n gbé mi lọ. Mo dáko iṣu kékeré kan sẹ́yìn ilé, ó sì ta gan-an. Mo gún iyán fún gbogbo àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi títí ẹ̀rùn fi dé. Nígbà tí àkókò gbígbìn tó, mo kó èyí tó kù jáde, àwọn tó rí gbọ́ńgbọ́ńgbọ́n bí ìka ẹsẹ̀, tí mi ò fẹ́ jẹ. Ìyá onílé mi dúró lórí mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, uṣu ńláńlá lẹ sè jẹ tán. Ṣé àwọn arọ yìí lẹ wá fẹ́ mú bímọ?" Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo gbìn ín bẹ́ẹ̀. Iṣu tí mo wà lọ́dún kejì, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ọmọ mi, èyí tó dára jù nínú ohun gbogbo ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ yá sí láti jẹ, láti gé, láti tà. Èyí tó kù ni a máa ń mú bímọ, tí a ó wá máa bi ara wa pé kí ló dé tí ayé ò fi gún.

Ìgbà mìíràn wà tí igi ẹ̀bá títì ga, tó sì sanra, tó fani mọ́ra. Ṣọ́ra fún un. Ó sanra nítorí kò sí ẹni tó ń bá a du oòrùn ni. Kí bàbá rẹ tó wá fẹ́ mi, akọ̀wé oníkòkó kan wà ní Ìjerò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Bàtà funfun, agogo ọwọ́, kẹ̀kẹ́ tó ń dán. Mo ti ń fi orúkọ rẹ̀ kọ orúkọ mi sẹ́yìn ìwé. Bàbá mi ò bá mi jà. Ó kàn rán àbúrò rẹ̀ lọ sí ìlú ọkùnrin náà láti lọ wo ilé tó ti jáde, bí a ṣe ń ṣe. Wọ́n ní ọ̀gá rẹ̀ ló ni bàtà, òun náà ló ni kẹ̀kẹ́, àti pé bí ọ̀gá bá lé e lónìí, ìhòòhò ni yóò fi wọ̀lú. Mo sunkún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá ni bàbá rẹ dé láti Ẹ̀fọ̀n, ọ̀kan láàárín ọmọkùnrin púpọ̀ nílé tí ilẹ̀ ò ti tó wọn, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan. Síbẹ̀ ó tọ́, ó kàwé, kò sì ti ẹnikẹ́ni ṣubú kó tó yọrí. Bí o bá fẹ́ mọ igi, àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kó o ti wò ó, lórí ilẹ̀ kan náà, lábẹ́ òjò kan náà. Má wo èyí tó dá dúró. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ yín ní èyí ní yunifásítì. Ti bàtà funfun ni wọn ò kọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọ̀dà. O ní o ti fi ọ̀dà olómi ọsàn yí àwọn igi tó o yàn ká kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ wọ́n. Àjíkẹ́, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ẹ̀yin mọ ohun tí ọ̀dà yín ń sọ. Ṣé àwọn agẹdú tó ń gé igi tà mọ̀ ọ́n? Nílẹ̀ wa níbí, igi tí ìjọba bá sàmì sí, igi tí ìjọba ti tà ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé nìyẹn: olórí igbó á sàmì, ayùn á tẹ̀lé e. Bàbá rẹ ṣe ohun tó o ṣe yìí gẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí igbó ìdáná ti dójú tì í. Ó rìn gbogbo igbó já, ó fi ọ̀dà pupa yan àwọn tó dára jù, ó sì padà wálé pẹ̀lú ọ̀dà lára ṣòkòtò, ó ń fò fún ayọ̀. Kí àjíǹde ọdún yẹn tó pé, kùkùté ni gbogbo wọn. Àwọn agẹdú ò sì jalè, lójú tiwọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni! Wọ́n ní ó bá àwọn dín wàhálà wíwá kù. Lọ sọ́dọ̀ àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí igbó náà ká kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé olómi ọsàn ò ní í ṣe ti gígé. Bí àyè bá sì wà, ha ọ̀dà náà kúrò. Wàá mọ ìyá igi rẹ láìjẹ́ pé o so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí.

Igi kan ṣoṣo ni ọ̀dà bàbá rẹ ò dé, nítorí odò kún lọ́jọ́ náà, kò lè kọjá.

Mo ti ń yí ká láti òwúrọ̀, mo mọ̀. Jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

O kọ ọ́ báyìí pé: igi náà wà lódìkejì odò, lẹ́bàá àpáta kan tó rí bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀. O ní ó tọ́ láti ilẹ̀ dé òkè, kò ní ẹ̀ka kan lára títí ojú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o mọ́. O wá ní nǹkan kan ya ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àpá kéékèèké, méjì méjì, tí èèpo ti fẹ́ pa dé. Wọ́n ń gun igi náà lọ sókè, ṣùgbọ́n nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n kan ẹ̀ka, wọ́n dúró. O ní, "Mi ò mọ irú ẹranko tó lè ní èékánná báyẹn."

Kì í ṣe ẹranko, ọmọ mi. Bàbá rẹ ni.

Mo mọ̀ pé o mọ̀ pé orí igi ló ti já bọ́ tó fi kú. Ohun tí a sọ fún ọ nígbà tó o wà ní kékeré nìyẹn, "igi kan nínú igbó," o ò sì béèrè pé èwo, èmi náà ò sì lè fi ẹnu mi júwe rẹ̀. Àfi bí ìwọ ṣe jókòó tó o júwe rẹ̀ fún mi.

Gàní ló wà pẹ̀lú rẹ̀, Gàníyù ará Èríò, òṣìṣẹ́ rẹ̀, òun ló di okùn mú nísàlẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni mò ń sọ fún ọ. Ẹ̀rùn ni, irú àkókò yìí. Bàbá rẹ rò pé bí òun bá jẹ́ kí ọdún kan kọjá, àwọn agẹdú á rí igi tó kù náà, nítorí náà ó ń kánjú. Àwọn agungi kò gbà. Ó ní òun fúnra òun á gùn ún. Irin ẹsẹ̀ tuntun ni wọ́n kó wá láti Ìbàdàn, irú èyí tí àwọn tó ń ta wáyà fi ń gun òpó. Òpó ò ní èèpo, Bọ́sẹ̀dé. Àfàrà tó dàgbà ní èèpo tó lè ṣí kúrò lára igi bí èèpo ara ẹni tí iná jó. Gàní rí i pé èèpo ń já bọ́ lé òun lórí, ó kígbe, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o! Ugi yìí éè gba irin!" Bàbá rẹ dá a lóhùn láti òkè. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Ohun tó sọ gbẹ̀yìn láyé nìyẹn. O wá rí ìdí tí mo fi ní mo máa padà sórí gbólóhùn rẹ.

Èmi wà ní kíláàsì, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo rí ọkọ̀ iṣẹ́ bàbá rẹ láti ojú fèrèsé. Ó máa ń wa ọkọ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ náà ń rìn jẹ́jẹ́. Mo ti mọ̀ kí ó tó dúró. Ẹ̀wù ìbẹ̀rù tí wọ́n ń sọ pé mo wọ̀, ọjọ́ náà ni mo wọ̀ ọ́, mi ò sì tíì bọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kẹta. Má jẹ́ kí ẹ̀rù tì ọ́ lójú. Kí lo rò pé ó jẹ́ kí igi yẹn ṣì wà lórí ìdúró títí dòní, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di àga àti ilẹ̀kùn? Òfin ìjọba kọ́. Àwọn agẹdú ní ó máa ń jẹ ènìyàn, wọn ò sún mọ́ ọn. Ẹ̀rù ló bá ọ tọ́jú ìyá igi rẹ. Àwọn agungi tó mi orí tí wọ́n lọ sílé, má pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Wọ́n wo èèpo, wọ́n rántí ọmọ wọn. Bí ọ̀gá yín bá sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ẹ̀rín kì í dá egungun ẹ̀yìn.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní, "Màmá, bí mi ò bá gùn ún, wọ́n á tún ká ti ẹ̀bá títì, ẹ̀yin náà sì ti sọ ohun tó ń ti ibẹ̀ wá. Ṣé ikú bàbá mi ó wá já sí asán?" Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn kó o tó bi mí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ọyẹ́ ti fẹ́ dé òpin, Gàní wá sílé pẹ̀lú fìlà bàbá rẹ. Irúgbìn àfàrà ló wà nínú rẹ̀, àwọn abìyẹ́ pẹlẹbẹ yẹn, ó ṣà wọ́n nílẹ̀ lábẹ́ igi náà. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ohun tí ọ̀gá lọ wá rè é. Mo bá a mú un wálé." Mo gba fìlà. Nígbà tó lọ tán, mo da irúgbìn náà sórí ààtàn, mo tu itọ́ sí i. Mo fẹ́ kí adìẹ jẹ ẹ́. Òjò rọ̀, mélòó kan hù. Mo ń fà wọ́n tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan èyí tó kẹ́yìn, tí mo bá ìwọ níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù rẹ, o ń bomi rin ín, o ń bá a sọ̀rọ̀. Mi ò lè tu èyí.

Bẹ́ẹ̀ ni. Igi ẹ̀yìn ilé wa ni. Igi tó o máa ń fẹ̀yìn tì kàwé, tí Ìyá Ràṣí ń sá aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ igi tó pa bàbá rẹ ni. Gbogbo alẹ́ tí ìjì jà láti ìgbà yẹn, mo máa ń dùbúlẹ̀ retí kó wó lù wá. Mo bínú sí i, mo bẹ̀rù rẹ̀, mi ò sì gé e, nígbà tí agẹdú láti Ìjerò wá dá owó lé e, mo lé e jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Dìde nínú ọkàn rẹ, lọ wò ó. Ṣé ó wọ́? Ṣé ó pín sí méjì? Lórí ilẹ̀ ààtàn, láìsí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ àfi ọmọdé kan pẹ̀lú kọ́ọ̀bù, ó tọ́ bí ìyá rẹ̀, ó sì ti ga ju ilé-ìwé lọ.

Wàá ní ẹ̀rí igi kan ò tó. Òótọ́ ni, ìyá rẹ̀ nìkan la sì mọ̀, a ò mọ èyí tó ṣe bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ ni a fi ń mọ ìyá, Bọ́sẹ̀dé. Bí o bá fẹ́ fi ohun kan han ọ̀gá yín, mú un wá sẹ́yìn ilé mi, kí o sì mú un lọ sí igbó ìdáná lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn kó wá sọ̀rọ̀ ẹ̀bá títì.

Ìyẹn irúgbìn tí Gàní ṣà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gun nǹkan kan kó tó rí i. Gbogbo igi tó yí ìyá náà ká ni wọ́n ti gé, irúgbìn tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Atẹ́gùn á gbé púpọ̀ lọ, mo gbà. Ẹ ò ní í rí apẹ̀rẹ̀ tó kún. Ṣùgbọ́n fìlà kan tó ti inú ìyá rere wá sàn ju àpò igi ìdáná lọ.

Mo dá ìwé yìí dúró láti jẹun, mi ò sì jẹun náà. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ báyìí. Láàárọ̀, ọkọ Ìyá Ràṣí ń lọ ná ọjà Èríò, mo sì rán an sí Gàní, láìmọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Ó ti padà dé. Gàní wà. Ó ti darúgbó, ó ní ojú ọ̀tún òun ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó rán wá nìyí, bí ọkọ Ìyá Ràṣí ṣe sọ ọ́: "Ẹ sọ fún Tíṣà, mo ti gbọ́. N óò ro abẹ́ ugi náà mọ́ kí ọmọ ọ̀gá tó dé. Àárọ̀ kùtù, kí atẹ́gùn tó jí, ìdí ìyá rẹ̀ ni irúgbìn ń bọ́ sí." Ó tún ní ọmọ òun tó jẹ́ ọdẹ lè fi ìbọn já ẹ̀ka wẹ́wẹ́ láti ilẹ̀, pẹ̀lú èso lára rẹ̀. Ìbọn náà ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n mo lè fara da ẹ̀rù ìbọn.

Ìyá Ràṣí ti kó gbogbo àpò ìrẹsì òfìfo tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi. Ó bi mí pé, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi àpò tó pọ̀ báyìí ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ fi tẹ́ gbogbo ulé ni?" Mo ní abẹ́ igi kan la fẹ́ tẹ́ ẹ sí, ká kàn máa rán an. Èmi àti òun la ti ń rán an pọ̀ láti ìgbà ìrun alásárì wọn. Abẹ́rẹ́ ti gún mi níka, wàá rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí ìwé yìí. Má bẹ̀rù, ti abẹ́rẹ́ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. O ti dàgbà. Mi ò lè gba irin lọ́wọ́ rẹ bí mo ṣe ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ nígbà tó o wà ní kékeré. Bí mo bá ní mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́, wàá ní mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọmú tó o mu bẹ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá rẹ wálé, mi ò tíì gba ọ̀nà Èríò kọjá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé mi lọ kọ́ni níbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi yí i padà. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkọ́gòsì, mi ò lọ, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ kankan ò dùn mí. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo máa wọ ọkọ̀ Èríò. Mo máa sùn lọ́dọ̀ ìyàwó Gàní, a ó sì kọjá odò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nítorí náà, bí o bá dé ìdí àpáta yẹn ní òwúrọ̀ Sátidé, ìwọ àti okùn rẹ, èmi lo máa bá níbẹ̀, lórí àpò ìrẹsì. Mi ò ní di ẹsẹ̀ rẹ mú. Kọ́kọ́ jókòó tì mí, ká jọ wòkè, ká dúró de irúgbìn. Bí oòrùn bá ràn, tí o ṣì ní àfi kó o gùn ún, gùn ún. Ti bàbá rẹ, wọ́n wá sọ fún mi ni. Tìrẹ, ìdí igi ni màá wà.

Èmi ni ìyá rẹ, ojo Arámọ̀kọ,
tó ń bọ̀ lọ́nà.